Rẹ́jísítà Kò Mọ Ọjọ́ Ọjà

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méje ló wà lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ní àwọn abúlé inú oko tó yí Ìjẹ̀bú-Igbó ká. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bẹ̀ wọ́n wò, kí n jókòó ti olùkọ́ ní kíláàsì, kí n gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé, kí n sì bá òbí sọ̀rọ̀ níbi tí nǹkan bá ti dojú rú. Ọ̀kan nínú méjèèje ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. N ò ní dárúkọ abúlé náà, n ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ilé onílé wà nínú rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tááàmù àkọ́kọ́, ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ọlọ́kadà mi á ní kí n sọ̀ kalẹ̀ níbi afárá onígi, kí n fẹsẹ̀ kọjá, kí òun wá rọra ti ọ̀kadà tẹ̀ lé mi. Mo máa ń gbé ṣọ́ọ̀kì dání, àti omi, àti páálí tí mo gé tí mo kọ lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ sí, àti bàtà mìíràn, torí èyí tí mo bá wọ̀ kúrò nílé kì í ṣeé wọ̀ dé iwájú ọmọ ilé ìwé.

Olùkọ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, hẹ́dímáàsítà wà lára wọn, kíláàsì mẹ́fà ni wọ́n ń kọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ìwé kíkà àwọn ọmọ Pírámárì 4 àti 5. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pè wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò. Irú ìdánwò tí Pratham, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ọmọdé ní Íńdíà, ti ń lò láti ọdún 2005 ni mo ṣe, àmọ́ Yorùbá ni mo fi kọ tèmi: ọmọ á ka lẹ́tà, á ka ọ̀rọ̀, á ka ìpínrọ̀ kúkúrú, á wá ka ìtàn. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni èèyàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kíláàsì yòówù kó wà.

Ọ̀pọ̀ wọn kò kọjá ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, Pírámárì 5 ló wà. Ó ka ilé, ó ka omi, ó ka ẹsẹ̀, kò ta kókó. Nígbà tó dé orí ìgbín, ó fi ìka sábẹ́ g, ó gbé e kúrò, ó fi sábẹ́ b. Ó ní, "Ì-gì-bín." Ó wò mí lójú. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo oko bàbá òun. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mejì, ibì kan náà ló já sí. Ọmọ tó ń ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò, tó mọ èyí tó dára láti tà àti èyí tó yẹ kéèyàn fi sílẹ̀ kó dàgbà, kò dá ìgbín mọ̀ lórí páálí, torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé g àti b máa ń para pọ̀ di ohùn kan ṣoṣo, kò sí ní kíláàsì.

Mo gba rẹ́jísítà. Ilà ni wọ́n ń fà fún ọmọ tó bá wá, òdo ni wọ́n ń kọ fún ẹni tí kò wá. Ilà àti òdo dà pọ̀ lójú ìwé náà bí ìrẹsì tó dà sínú ẹ̀wà. Mo wá ọjọ́ tí wọ́n máa ń sá jù, bóyá Ọjọ́ Ajé ni, tàbí ọjọ́ Ẹtì. N ò rí i. Ọmọ kan náà kò ní wá ní Ọjọ́ Ajé, kò tún ní wá ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, lọ́sẹ̀ kejì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò ní wá, lọ́sẹ̀ kẹta Ọjọ́rú.

Olùkọ́ wọn sọ fún mi pé, "Àǹtí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àwọn òbí wọn ò ka ìwé sí nǹkan kan." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi: àìbìkítà òbí. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ṣì wà nínú fáìlì títí dòní, ó sì ń dùn mí pé èmi ni mo kọ ọ́.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e tóbi ju ti fáìlì lọ. A pe ìpàdé òbí. Mo dìde, mo ka òfin UBE ti ọdún 2004 fún wọn, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Òfin yẹn sọ pé òbí tí kò bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, ìkìlọ̀ ni lẹ́ẹ̀kíní. Lẹ́ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bó bá tún ṣe é, ₦5,000 tàbí oṣù méjì. Mo rò pé ìmọ̀ ni mo ń fún wọn. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ìyá ọmọ tó ka ìgbín fún mi dìde, ó so ìborùn rẹ̀ mọ́ ìdí, ó ní, "Àǹtí ìjọba, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá bá wa gbé ọmọ jòjòló nídìí iná?" Ó bá jáde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

Ìbínú ni mo rò pé ó ń sọ. Èsì ni, ó ti fún mi ní èsì gbogbo ohun tí mo ń wá kiri, n ò gbọ́ ọ. Ìpàdé kejì tí a pè, ìyá mẹ́rin péré ló wá.

Oṣù kẹwàá ni òjò ká mi mọ́ abúlé náà. Mo sáré wọ abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń yan gàrí. Èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn obìnrin jókòó ti agbada, wọ́n ń fi igbá ro gàrí lọ, ro ó bọ̀, òógùn ń kán. Ọmọ tó ka ìgbín fún mi wà níbẹ̀. Ó pọn ọmọ ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó tún di òmíràn tó ń rá mú ní apá. Nígbà tó rí mi, ó kọjú sí ògiri.

Mo kí wọn, wọ́n dá mi lóhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò ta síra wa. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń wò wọ́n. Èyí tó ń rá já mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, ó dorí kọ ẹnu ààrò. Kí n tó pariwo, ọmọ yẹn ti na ẹsẹ̀ kan, ó fi dí i lọ́nà, ó tẹ̀ síwájú tòun tẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé e ní ìbàdí. Kò sí nínú àwọn obìnrin náà tó yíjú. Wọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kàn wò mí, ohùn rẹ̀ kò le mọ́, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Bó bá wà nílé ìwé báyìí ńkọ́? Ọjà dọ̀la."

Ọjà dọ̀la. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ìyá mi ná ọjà títí ó fi di àgbà, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn kò wá sí mi lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti ń wo rẹ́jísítà yẹn. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń ná ọjà wọn. Wọ́n ní ọrọọrún ni.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó pẹ̀lú kàlẹ́ńdà. Ọrọọrún, bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á tí wọ́n ń ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ márùn-ún ni. Lórí kàlẹ́ńdà, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ilé ìwé, ọjọ́ méje-méje ló ń kà. Ìkà méjèèjì kì í pàdé àfi lẹ́yìn ọjọ́ 28. Bí ọjà bá bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ọjọ́ Ajé. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń ná ọjà láàárín ọjọ́ 28 yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló sì ń bọ́ sí ọjọ́ ilé ìwé. Ogún ni ọjọ́ ilé ìwé inú rẹ̀. Ọmọ tí kì í wá lọ́jọ́ ọjà nìkan ti pàdánù ọjọ́ 5 nínú 20. Ọmọ tí kì í wá lọ́jọ́ ọjà, tí kì í tún wá lọ́jọ́ tí ọjà bá dọ̀la, ọjọ́ 10 ló lọ. Ìdajì.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, mo fi báírò pupa fa ilà sí ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀dà rẹ́jísítà tí mo kọ sílẹ̀. Àwọn òdo tó dà sílẹ̀ bí ìrẹsì yẹn bá tò síbi ilà pupa lẹ́sẹẹsẹ. Ti àwọn ọmọkùnrin kò ju ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹrù ni wọ́n ń bá ìyá wọn gbé dé títì, wọ́n á dé ilé ìwé nígbà tí wọ́n ti pe orúkọ tán. Ti àwọn ọmọbìnrin tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ sókè jẹ́ ọjọ́ méjì-méjì. Ti ọmọ ìgbín kò yẹ̀ rárá.

Ó yé mi nígbà náà ìdí tí ọ́fíìsì kò fi rí nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù tí à ń fi ránṣẹ́, iye ọmọ tó ń wá lóṣooṣù ló ń béèrè. Nítorí pé ọjà ń bọ́ sí ọjọ́ márùn-ún nínú gbogbo ogún ọjọ́ ilé ìwé, iye yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti oṣù dé oṣù. Ohun tí kò bá sì yí padà lórí ìwé, èèyàn á gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá ibẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa gàrí náà, torí ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè rò pé ọ̀lẹ ni àwọn ìyá wọ̀nyí. Kíkan gàrí Ìjẹ̀bú kò ṣeé kán lójú. Ní ọjọ́ kejì ọjà ni wọ́n ń wú pákí, wọ́n á bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n bá lọ̀ á wọ àpò, òkúta á gun orí rẹ̀, omi á máa ro, á sì máa kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó kan gan-an á fi í sílẹ̀ di ọjà tó tún ń bọ̀. Ọjọ́ kẹta ọjà ni ara ń rọ̀ wọ́n díẹ̀, torí àpò ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí ọjà bá wá dọ̀la, wọ́n á tú u, wọ́n á fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa yan án láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, torí gàrí tí kò bá gbẹ dáadáa kì í lówó lórí. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ ìyá kò ṣeé gbà kúrò lára igbá. Ọwọ́ wo ló máa wá gbé ọmọ? Owó gàrí yìí kan náà ló ń ra ìwé àti yúnífọ́ọ̀mù.

Kí n tó rí àyè pe ìpàdé mìíràn, ọmọ náà ti lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni mo débẹ̀ tí n kò rí i, ọjọ́ yẹn kì í sì í ṣe ọjọ́ ọjà, ọjà kò sì dọ̀la. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Pírámárì 3 ló sọ fún mi pé ó ti lọ sí Èkó, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin. Mo lọ bá ìyá wọn. Ó sọ fún mi láìfi nǹkan kan pa mọ́ pé ọkọ òun ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n. Ọkọ náà ní dípò kí ìjọba wá mú òun nítorí ọmọ tí kì í lọ sílé ìwé, kí ọmọ kúkú máa bá àǹtí rẹ̀ gbé, wọ́n ti ṣèlérí pé wọ́n á fi í sílé ìwé níbẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n á fi í sílé ìwé lóòótọ́, Àǹtí?" N ò lè purọ́ fún un. Mo ní n ò mọ̀, mà. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tíì ka òfin yẹn fún òbí kankan mọ́.

Ọjọ́ kẹta ọjà ni a wá ṣe ìpàdé, abẹ́ àtíbàbà gàrí la sì ti ṣe é. Wọ́n wá, wọ́n pọ̀. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ nígbà kan. Mo wá tẹ́ ìwé onílà pupa náà síwájú Baálẹ̀. Bàbá fi ìka ka ọjọ́ ọjà sẹ́yìn, wọ́n ń fi ẹnu ka ìkà tiwọn, wọ́n bá a dọ́gba pẹ̀lú tèmi, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní mo ṣì í. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, mo ṣì í lóòótọ́.

Bàbá wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀. Awókọ̀yà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ọmọ Àwà tó wà nítòsí wa níbí ni, Bàbá sì máa ń sọ orúkọ rẹ̀ bí ẹni ń sọ orúkọ ìbátan. Wọ́n ní, "Ìyá mi yan gàrí, mo sì lọ sílé ìwé. Ìyá àgbà ló ń gbé ọmọ nígbà yẹn. Ìyá àgbà wo ló kù tó jókòó sílé báyìí? Àwọn náà ń yan gàrí."

Ìyá arúgbó kan tó jókòó lórí odó lẹ́yìn ló dáhùn. "Èmi jókòó. Ìbàdí mi ò jẹ́ kí n bó pákí mọ́, àmọ́ ojú mi ò fọ́."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà ní àyè tútù kan níwájú, ó jìnnà sí iná, kò jìnnà sí ọmú ìyá. Lọ́jọ́ tí ọjà bá dọ̀la, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ ọwọ́ sí. Ìyá kan kò lè dá ṣe é, wọ́n bá fi ìyá mìíràn kún un. Agolo gàrí kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ni owó ọ̀yà wọn, àwọn obìnrin náà ló dá iye yẹn. Ìyá ọmọ ìgbín wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọmọ wá.

Lápá ti ilé ìwé, hẹ́dímáàsítà gbà pé kí wọ́n máa kọ ọjọ́ ọjà sí igun bọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ déètì. Bí ẹ bá wọlé, ẹ ó rí i: ọjọ́ kejì ọjà, ọjọ́ kẹta ọjà, ọjà dọ̀la. Ẹ̀kọ́ tuntun nínú ìwé kíkà, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àtúnyẹ̀wò ni wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ méjì yòókù. Ní ti ọjọ́ ọjà, àwọn tó gbé ẹrù dé títì mọ̀ pé bí àwọn bá tilẹ̀ pẹ́, wọ́n á rí ilà ọ̀sán gbà, torí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni rẹ́jísítà ń ṣí. Alábẹ̀wò kan wá nígbà kan, inú rẹ̀ kò dùn pé ẹ̀kọ́ wọn kò bá ọ̀sẹ̀ tó wà nínú ìwé ètò mu. Hẹ́dímáàsítà gbé rẹ́jísítà síwájú rẹ̀. Ó wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó buwọ́ lù ú.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ètò yìí kàn. Àwọn ọmọ alágbàṣe tí wọ́n wá láti Bẹ́núé, ibi tí iṣẹ́ oko bá ti pe bàbá wọn ni wọ́n ń bá a lọ. Òdo tiwọn kò bá ilà pupa mu, n kò sì tíì rí ojútùú rẹ̀. Bàbá kan wà tó sọ pé kò sí ohun tí ìwé máa fún ọmọbìnrin òun, kò sì tíì yí ọkàn padà. Mo ṣì ń lọ síbẹ̀. Mo ti kọ ọjọ́ ọjà gbogbo àwọn ilé ìwé mi sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀. Níbì kan, ìsán ni wọ́n ń ná tiwọn, ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ lórí kàlẹ́ńdà, ó sì pẹ́ kí n tó rí i lójú ìwé.

Oṣù kẹta ni mo tún gbọ́ ìwé kíkà wọn, lọ́jọ́ tí ọjà dọ̀la. Èéfín ń bọ̀ láti àtíbàbà. Àwọn ọmọbìnrin Pírámárì 4 àti 5 jókòó, àyè ẹni mẹ́ta ló ṣófo. Mo pe àbúrò ọmọ ìgbín náà mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pírámárì 3 ló wà. Ó ka ilé, omi, ẹsẹ̀. Ó dé ìgbín, ó kà á, ó kọjá lọ sí ìpínrọ̀.

Ìyá wọn wá bá mi nígbà tí mo fẹ́ gun ọ̀kadà. Ó fi gàrí díẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní kí n mú un lọ́wọ́. Ó ní àwọn ará Èkó á wálé fún Iléyá, wọ́n á dúró wo Ojúde Ọba kí wọ́n tó padà, wọ́n sì ti sọ pé àwọn á mú ọmọ náà dání. Ó ní òun ti bá ọkọ òun sọ ọ́, pé bó bá wálé, kò ní padà lọ mọ́. N ò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ gbà. Mo padà wọ inú ọ́fíìsì, mo bẹ hẹ́dímáàsítà kó má fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Ó ní òun kò tíì fà á. Ó ṣí i hàn mí: orúkọ náà wà níbẹ̀, òdo tò tẹ̀ lé e láti oṣù kọkànlá.